Ṣọ́ọ̀kì àti eruku ti kún inú àpò sítíìkì sìnúkà mi, báwo ni mo ṣe máa kó o jáde?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ra àpò sítíìkì kan, tòkunbọ̀ ni, èyí tó le yẹn, ó ní ihò gígùn mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí nínú. Tí mo bá ti fa sítíìkì mi yọ báyìí, búlúù ló máa ń dà látòkè délẹ̀, ọwọ́ mi náà á di búlúù, eruku ọyẹ́ tún ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ò dé ìdí ihò yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n da omi ọṣẹ sí i kí n sì mì í dáadáa. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sì tíì ba sítíìkì mi jẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbé omi ọṣẹ yẹn sílẹ̀. Irú àpò tó le bẹ́ẹ̀, páálí tàbí ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ihò inú ẹ̀, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ ọn. Tómi bá débẹ̀, gọ́ọ̀mù á tú, páálí á wú, ṣọ́ọ̀kì tó wà nísàlẹ̀ á di ẹrẹ̀, tó bá sì gbẹ tán á le gbagidi mọ́ ìdí ihò, o ò ní lè gbọ̀n ọ́n jáde mọ́ láéláé. Tó bá tún wá jẹ́ àsìkò òjò, kò ní gbẹ bọ̀rọ̀, á bu, á máa rùn, òórùn yẹn á sì mú igi sítíìkì ẹ. Ní gbígbẹ ni wọ́n ń kó o.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá sìnúkà ní Adó níbí rò pé ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà fi ń kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù náà ni wọ́n kàn pa láró búlúù. Rárá o. Ní 1897 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, William Spinks tó ń gbá bílíádì àti William Hoskins tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́místìrì, gba pátẹ́ǹtì lórí irú èyí tí à ń lò báyìí, silica ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn nǹkan tó wà nínú iyanrìn gan-an, àti corundum, tó jẹ́ òkúta líle tí wọ́n fi ń ṣe sáńpépà. Òun ló ń jẹ́ kí awọ orí sítíìkì di bọ́ọ̀lù mú kó má yọ̀. Ó dáa lórí awọ, àmọ́ tó bá ti wọ inú ihò tóóró tí igi ẹ ń wọlé tó ń jáde, igi yẹn ló ń ha lójoojúmọ́, eruku ọyẹ́ náà sì ń bá a ha á.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Gbé e síta, má ṣe é nínú yàrá, kó o sì fi nǹkan bo imú àti ẹnu torí ìyẹ̀fun yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Kó gbogbo nǹkan inú ẹ̀ jáde, tú àwọn àpò kéékèèké tó wà lára ẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì tó ti fọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Dojú ẹ̀ délẹ̀ kó o máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lára láti ìdí wá sí ẹnu. Má gbá a mọ́ sìmẹ́ńtì o, ẹnu ihò yẹn á fọ́. Wo ìdí àpò náà dáadáa, òmíràn wà tí ìdí ẹ̀ ṣeé ṣí, tó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ lo rà, iṣẹ́ ẹ ti dín kù nìyẹn.

Tó o bá mọ àwọn tó ń fọ mọ́tò tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, òun ni mo fẹ́ jù, torí ṣe ló ń fà á mọ́ra dípò kó fọ́n ọn káàkiri. Wá rọ́bà tóóró, fi téèpù so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà kó lè dé ìsàlẹ̀. Tí ò bá sí, lọ bá fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, àmọ́ kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sórí pépà funfun kó o wò ó, torí kọmpúrẹ́sọ̀ wọn máa ń ní omi àti ọ́ìlì nínú, tí pépà bá ti tutù tàbí tó ní àbàwọ́n ọ́ìlì, má jẹ́ kó fẹ́ ẹ o. Ẹnu àpò gbọ́dọ̀ dojú kọlẹ̀ nígbà tó bá ń fẹ́ ẹ, kí eruku lè ríbi gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀pá. Ọ̀pá kọ́tìnì tàbí igi mọ́ọ̀pù, kì í ṣe sítíìkì ẹ, jọ̀ọ́. Ya síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, wé e mọ́ orí ọ̀pá kó sanra tó láti kan ara ihò yíká, kó o wá fi okùn dè é pinpin, torí tí àkísà bá já sí ìdí ihò, wàyà tó o tẹ̀ lórí lo máa fi wá a. Tì í wọlé, yí i, fà á jáde, gbọ̀n ọ́n, tó bá dọ̀tí, pààrọ̀ ẹ̀. Wàá rí i pé àkísà àkọ́kọ́ á búlúù bíi pé wọ́n rì í sínú aró, búlúù tara èyí tó tẹ̀lé e á sì dín kù, títí tí nǹkan kan ò fi ní hàn lára ẹ̀ mọ́. Ẹnu ihò ní tiẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló máa ń dé igun ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ike lásán ló wà nínú ẹ̀, o lè fi àkísà tó o fún gbẹ dáadáa nù ún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Àmọ́ tìẹ tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ yìí, má dán an wò. Àwọ̀ búlúù lè má tán lára aṣọ yẹn o, má da ara ẹ láàmú, àwọ̀ kọ́ ló ń ha igi, iyẹ̀ẹ̀pẹ̀ wínníwínní yẹn ni. Kẹrosíìnì ńkọ́, pẹtiróòlù, bíliìṣì, òróró? Má fi ìkankan súnmọ́ ọn, òróró gan-an ló burú jù torí á di ṣọ́ọ̀kì tuntun mú níbẹ̀.

Kó má bàa tún kún, nu sítíìkì pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ kó o tó tú u sí méjì, kó o sì rọra fi ìka ta orí ẹ̀ kí èyí tó pọ̀jù já sílẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì sínú ike kékeré tó ní ìdérí. Lásìkò ọyẹ́, má ṣí àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tẹ́ ẹ bá ń gbá a níta, pa á dé tó o bá ti yọ sítíìkì tán.

Ti sítíìkì ẹ, nu ún mọ́ ná, kó o wá di ojú, kó o fi ìka méjì fà á láti ìdí dé orí jẹ́jẹ́. Tó bá ń yọ̀ geere, kò tíì sí nǹkan kan. Tọ́wọ́ bá ń kọ́ níbì kan, fi awọ gbígbẹ tàbí aṣọ tó nípọn ra ibẹ̀ léraléra títí igi á fi gbóná díẹ̀, ó máa ń jẹ́ kó jọ̀lọ̀ padà. Tó bá ṣì ń kọ́, má ki sáńpépà bọ̀ ọ́ fúnra ẹ, á tín-ín-rín, kò sì sí bá a ṣe lè dá a padà, gbé e wá sí Adó fún ẹni tó ń tún sítíìkì ṣe kó wò ó.