Omi Ń Kún, Omi Ń Fà: Ìgbà Wo Lẹja Ń Jẹ Ìwọ̀?

Nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, ti àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja lódò Ọ̀ṣun àti Erinlẹ̀ ló pọ̀ jù. A ti gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, Sátidé nìkan ni mo ń ráyè lọ sódò. Nígbà míì màá dé ibẹ̀, omi á ti bo ibi tí mo máa ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ ní Òṣogbo láti ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kí n tó fi owó ọkọ̀ ṣòfò? (Òǹkàwé, Òkèfìà)

ÌDÁHÙN: Òjò Òṣogbo nìkan kọ́ ló ń mú Ọ̀ṣun kún. Èkìtì lodò náà ti ń ṣàn bọ̀, ó sì ń gba omi àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ́ra lójú ọ̀nà. Òjò tó bá rọ̀ lókè lọ́hùn-ún lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ lè mú omi kún ní Gbódòfọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn sì máa ràn lórí yín. Ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ lè pè lápá òkè odò lọ́hùn-ún. Àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet (àjọ ìjọba tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí) àti NIHSA (àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi odò) máa ń gbé jáde lọ́dọọdún wúlò láti mọ oṣù tómi máa pọ̀, àmọ́ kò lè sọ ti Sátidé yín fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ri ọ̀pá tẹ́ ẹ ó máa fi wọn omi mọ́lẹ̀. Oparun tó gùn ní mítà 2 ti tó. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà 5, 10, 15 títí dókè, kẹ́ ẹ rì í wọlẹ̀ tó ìdajì mítà níbi tómi ti rọ̀, bí ẹ̀yìn àpáta. Tẹ́ ẹ bá rì í sójú ìṣàn, pàǹtí á so mọ́ ọn, omi á máa ru sókè lára ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá kà ò ní jẹ́ òótọ́. Ọmọ àdúgbò kan tó ní fóònù lè bá yín ya fọ́tò ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ní wákàtí kan náà. Fọ́tò kan ṣoṣo ò sọ nǹkan kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa fi hàn bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà, ìyẹn gan-an lẹja ń tẹ̀ lé.

Bómi bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún mọ́jú, ẹ jókòó sílé. Ẹja á ti fọ́n ká sínú koríko tómi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò; ekòló àti kòkòrò tí àgbàrá gbá wọlé á pọ̀ fún un débi pé kò ní yà sídìí ìwọ̀ yín. Bó bá ń fà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lójúmọ́, ẹ tètè máa lọ. Ẹja ń jáde bọ̀ látinú koríko nìyẹn, ó ń kóra jọ sẹ́nu àwọn ojú àgbàrá tó ń tú padà sódò, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ju ìwọ̀ sí. Bó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja á sá lọ síbú. Ẹ lọ bá a níbú. Omi tó dúró lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan náà dáa, pàápàá fún ẹ̀pìyà. Tí wọ́n bá ní ká mú oṣù kan ṣoṣo, Belú la máa mú: òjò ti dáwọ́ dúró, omi ń fà, ó sì ń mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Tómi bá pọ́n, àrọ̀ ń jẹ, àmọ́ ẹ̀pìyà ò ní fẹnu kan ìwọ̀ rárá. Kí ló fà á, kí sì ni kí n yí padà? (Òǹkàwé, Àlékúwodò)

ÌDÁHÙN: Ojú ni ẹ̀pìyà fi ń wá oúnjẹ. Òórùn àti irùngbọ̀n ẹnu ẹ̀ ni àrọ̀ fi ń wá tiẹ̀, òkùnkùn pàápàá ò dí i lọ́wọ́. Nínú omi pípọ́n, ẹ gbàgbé ẹ̀pìyà, kẹ́ ẹ wá àrọ̀ létí bèbè, níbi tómi ò ti jìn ju orúnkún lọ. Ìfun adìyẹ dáa, ekòló dáa, ọṣẹ ìfọṣọ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ náà ń ṣiṣẹ́.

Okùn 0.40 mm ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ki òjé oníhò wọ̀ ọ́, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá so okùn náà mọ́ òrùka tó ń yí. Ní ìdí kejì òrùka, ẹ so okùn sẹ̀ǹtímítà 30 àti ìwọ̀ nọ́ńbà 1 tàbí 1/0. Òjé tó ń yọ̀ lára okùn ló dáa, torí àrọ̀ á lè fa ìdẹ lọ láìgbé òjé. Gíráàmù 20 tó fún omi tó rọ̀. Bó bá ń ṣàn, ẹ lo 40 sí 60. Òjé tó bá fúyẹ́ jù á máa yí kiri, á sì gbé ìwọ̀ lọ sábẹ́ gbòǹgbò. Èyí tó bá wúwo jù á rì sínú ẹrẹ̀.

Fún ẹ̀pìyà nínú omi tó mọ́, ìwọ̀ nọ́ńbà 10 tàbí 12, okùn 0.20 mm àti kọ́ọ̀kì tó ń léfòó ti tó. Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé rèé: bómi bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 20 fà látìgbà tẹ́ ẹ lọ gbẹ̀yìn, ẹ fa kọ́ọ̀kì sún mọ́ ìwọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdẹ á dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kọ́ọ̀kì á dà gbalaja sójú omi, ẹ ó sì máa rò pé ẹja ò sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, Ọ̀ṣun ṣì pọ́n. Ṣé ó ń kún ni? (Òǹkàwé, Gbódòfọ́n)

ÌDÁHÙN: Ó lè má kún rárá. Látìgbà tí wíwa góòlù ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ níbi ìwakùsà ń ṣàn wọ odò, àwọ̀ omi ò sì ṣeé gbára lé mọ́. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Kẹ́ ẹ lè mọ ẹja tẹ́ ẹ máa dẹ, ẹ so àwo funfun mọ́ okùn, ẹ so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́ sínú omi. Tí àwo ò bá hàn mọ́ kó tó rì tó sẹ̀ǹtímítà 20, àrọ̀ nìkan. Tó bá ṣì ń hàn ní 50, ẹ gbé kọ́ọ̀kì jáde.

Ní ti jíjẹ ẹja ọ̀hún, ní 2022 ìjọba kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi Ọ̀ṣun. Wọ́n máa ń fi mercury, irin olómi tó ní májèlé, yọ góòlù, ẹja ńlá tó ti pẹ́ láyé ló sì ń kó o sára jù. Àwa ò ní fi irú ẹ̀ fún aboyún tàbí ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Nínú oṣù Ògún, nígbà ọdún, òjò máa ń dá díẹ̀. Ṣé a lè ju ìwọ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun? (Òǹkàwé, Ayétòrò)

ÌDÁHÙN: Rárá o, nígbà ọdún tàbí nígbà kankan. Èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀, kó tó di pé UNESCO kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ ní 2005 rárá.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá kúkú ń lọ sí adágún Erinlẹ̀ ní Ẹdẹ, ṣé mo bọ́ lọ́wọ́ wàhálà omi tó ń yí padà? (Òǹkàwé, Ọ̀tà-Ẹ̀fun)

ÌDÁHÙN: Ẹ bọ́ díẹ̀. Adágún fẹ̀, kì í kún mọ́jú bí odò. Àmọ́ nísàlẹ̀ dáàmù, omi lè ya wá lójijì láìsí òjò, nítorí náà ẹ má wọ inú ìṣàn ibẹ̀ rárá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi adágún máa ń fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á sì gbòòrò létí rẹ̀. Òkè ẹrẹ̀ yẹn lè gbẹ, kí abẹ́ ẹ̀ ṣì rọ̀, ẹsẹ̀ á sì wọlé dé orúnkún. Ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bèbè odò náà ń fẹ́ ìṣọ́ra lẹ́yìn ìkún omi: ilẹ̀ ti mumi yó, ó wúwo, omi tó ń tì í lẹ́yìn sì ti lọ, ìgbà yẹn ló máa ń ya lulẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá ó ti là gbọọrọ, kí ojú lílà náà sì tẹ̀ lé etí omi. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jókòó ní mítà 2 sí ẹ̀yìn ojú lílà náà, kì í ṣe sí ẹ̀yìn etí omi, kẹ́ ẹ sì lo ọ̀pá ìwọ̀ tó gùn sí i.