Ṣé orin lè bá ọmọ mi lé òǹgbẹ sìgá lọ?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ọkùnrin ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ kan), oògùn olanzapine ló ń lò fún un, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ àmọ́ sìgá ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ẹnì kan l'Ọ́jà Ọba ní kí n máa tan orin fún un tí òǹgbẹ sìgá bá ti ń gbẹ ẹ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Màmá kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Orin máa ràn án lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Òǹgbẹ yẹn máa ń le gan-an fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì rọlẹ̀ bí ò tiẹ̀ mu sìgá, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni orin kan sí méjì máa bá a kọjá. Kí orin ti wà lórí fóònù ẹ̀ ṣáájú, kó ki íàpíìsì sétí, kó dìde, kó máa kọ ọ́ tẹ̀lé e, kó máa fọwọ́ lù ú, torí ọwọ́ àti ẹnu tó ti níṣẹ́ ò ní ráyè sìgá.

Òun fúnra ẹ̀ ni kó yan orin o, ẹ má fi dandan gbé orin tiyín fún un. Èyí tó máa ń gbọ́ tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ń mu sìgá l'Ọ́láìyá, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ kúrò, sìgá ni yóò máa rán an létí. Tó bá ní olórin ń bú òun tàbí ń ránṣẹ́ sóun, ẹ pa orin náà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ fi orin tí ò lọ́rọ̀ nínú rọ́pò, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀ ló ń ká mi lára jù. Èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ yára fọ olanzapine kúrò lára (clozapine, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, náà bẹ́ẹ̀), tó bá wá ṣíwọ́ sìgá lójijì, láàárín ọjọ́ mélòó kan oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ jù lára ẹ̀, ẹ ó kàn rí i tó ń sùn ṣáá, tí òòyì ń kọ́ ọ. Ẹ má dín in kù fúnra yín, ẹ má sì dá a dúró, dókítà ló máa ṣe é. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa ṣingọ́ọ̀mù nicotine (èròjà inú sìgá tó ń fa òǹgbẹ ẹ̀) tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, èéfín ló ń da oògùn rú, àwọn yẹn ò léèéfín. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí oògùn ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì mọ iye igi sìgá tó ń mu lójúmọ́.