Èsì: Pikọ́ọ̀pù tí mo máa tò fún ọ̀nà oko

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí wọ́n bá ní kéèyàn ṣa ẹ̀yà ara pikọ́ọ̀pù jọ láti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, kí la máa mú? Ẹ́ńjìnnì Hilux ni tèmi, oní-lítà 2.7 tó ń mu bẹntiróòlù. Kò fi bẹ́ẹ̀ sáré o, àmọ́ mẹkáníìkì wo ní Ṣàgámù ni kò lè tú u palẹ̀? Ara ọkọ̀, ti Ford F-150. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2015 ni wọ́n ti ń fi aluminiọ́mù ṣe é, kì í dípẹtà.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ni mo rò pẹ́. Ti Ram 1500, irin wíwé, ń gbéni jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni mò ń kó láti oko Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀, ẹrẹ̀ á sì máa gbá sálẹ́ńsà. Irin pẹlẹbẹ onípele ti Hilux ni kẹ́ ẹ fún mi, bó tilẹ̀ ń gbọn ìfun ẹni.

Èyí tó wù mí jù ni àpótí tó wà lábẹ́ ibi ìkẹ́rù Honda Ridgeline. Ó ṣeé tì, ó sì ní ihò tí omi ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni jáàkì àti àdá mi máa wà, ìyàwó mi ò ní rí ẹrẹ̀ lórí ìjókòó mọ́.

Àwọ̀ ńkọ́? Pupa bí ilẹ̀ oko.