Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Yẹtí igbá tó jọ idẹ

Ìbéèrè: Àfọ́kù igbá fínfín ni mo fi ń ṣe yẹtí l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí. Mo kùn ún ní góòlù kó lè jọ idẹ, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì kì í pé tó fi ń ṣí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Èèpo igbá ń dán, ọ̀dà kì í rí ibi dì mú. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò ìkọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lù ú lẹ́yìn ọ̀dà, etí ihò á ṣí. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 220 ha á títí dídán yẹn á fi kú, kẹ́ ẹ nu eruku rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi góòlù bẹ̀rẹ̀. Dúdú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó wọnú ojú fínfín. Tó bá gbẹ, ẹ ti ẹnu búrọ́ṣì bọ góòlù, ẹ nù ún sórí bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra fi kan ibi tó yọ sókè nìkan. Dúdú tó kù nínú kòtò yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó jọ idẹ. Góòlù tó bo gbogbo ara, ọ̀dà lásán ni.

Ó di wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fi fáníìṣì bò ó. Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ méjì.