Iná Tàn, Ping Ń Dáhùn, Síbẹ̀ Àsopọ̀ Ń Já: Ìdáhùn Lórí Ethernet àti PABX

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo ń bójú tó. PABX Meridian 1 Option 11C, ẹ̀rọ tó ń so ìpè inú ilé pọ̀, la ń lò fún tẹlifóònù yàrá àwọn àlejò láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láìpẹ́ yìí la pe oníṣẹ́ kan pé kó so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì, kí a lè máa ti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yí orúkọ àti nọ́ńbà yàrá padà. Ó fi swíìṣì, àpótí tó ń so àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì pọ̀, sí 100 full, iná kò tàn. Ó wá fi sí 10 full, iná tàn, ping, ìpè kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kejì wà níbẹ̀, náà sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kí kọ̀ǹpútà kó àkọsílẹ̀ àwọn láìnì wá, yóò ṣe díẹ̀, yóò dúró, yóò sì ní àsopọ̀ ti já. Oníṣẹ́ yìí ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, ó ní káàdì inú PABX ló ti rẹ̀, ó sì ti bá wa wá òmíràn tí a máa rà. Ṣé kí a san owó náà? Irú wáyà wo ló sì dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ lórí káàdì, kí ẹ sì dáwọ́ wáyà pípààrọ̀ dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ti kọ ọ́ yìí, ohun tí oníṣẹ́ yín tẹ̀ sínú swíìṣì, ìyẹn “10 full”, ni mo fura sí kí n tó fura sí ohunkóhun mìíràn. Káàdì tó ti kú kì í dáhùn ping, wáyà tó já kì í sì í tan iná. Ìbéèrè nípa irú wáyà tó dára jù ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ sí mi, láti ilé ìwòsàn, láti ilé ìwé, láti hòtẹ́ẹ̀lì bíi tiyín, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà jẹ́ wáyà. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ìgbàgbọ́ kan ti wọ àwọn oníṣẹ́ wa lára, pé “full” ni agbára, “half” ni àìlera, “auto”, ìyẹn kí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì dúnàádúrà fúnra wọn lórí iyára àti duplex, sì jẹ́ ti ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Full duplex ni kí ìhà méjèèjì máa ránṣẹ́ kí wọ́n sì máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Half duplex ni kí ìhà kan dákẹ́ nígbà tí ìhà kejì bá ń sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí kí ó tó fọhùn, bí àwọn méjèèjì bá sì ṣèèṣì fọhùn pọ̀, kí àwọn méjèèjì dákẹ́, kí oníkálukú dúró díẹ̀ kí ó tó tún gbìyànjú. Lóòótọ́, full yára ju half lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi àṣẹ gbé wọ ẹ̀rọ tí kò ní i. Ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà lórí ọ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, half tó bára mu sàn ju full tó wà ní ìhà kan ṣoṣo lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà lára PABX yín. Ethernet tirẹ̀ jẹ́ ti ìgbà àtijọ́, megabit 10 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn kan tó ní ẹnu onípíìnì 15, tí à ń pè ní AUI, ló ń ti ara káàdì ìṣàkóso jáde. Ẹnu okùn yìí la ń há àpótí kékeré kan mọ́, MAU lorúkọ rẹ̀, òun ló sì ní ojú RJ45 tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì ń wọ̀. Àpótí yìí kò mọ ìdúnàádúrà kankan. Half ló ń sọ, half náà ni yóò máa sọ, ohun yòówù tí ẹ bá tẹ̀ sínú swíìṣì. Nítorí pé megabit 10 nìkan ló mọ̀ ni iná kò fi tàn nígbà tí oníṣẹ́ yín fi swíìṣì sí 100. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ó ti dúró ronú, pé kí ni ẹ̀rọ tó wà níwájú òun yìí lè ṣe, kàkà kí ó wá nọ́ńbà mìíràn tí yóò fi tan iná.

Ní ọdún 1995 ni àjọ IEEE gbé òfin 802.3u jáde fún Ethernet oní-megabit 100, inú òfin yẹn náà sì ni auto ti wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n mọ̀ pé àìmọye ẹ̀rọ oní-megabit 10 ló ti wà nílẹ̀ tí kò ní lè dúnàádúrà, wọn kò sì gbàgbé wọn. Ẹ̀rọ oní-megabit 10 tó bá ti gba iná máa ń fi àmì kúkúrú kan ránṣẹ́ lórí wáyà ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá síra wọn, láti fi hàn pé òun wà níbẹ̀. Bí swíìṣì tó wà lórí auto bá gbọ́ àmì yìí nìkan, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà kankan, òfin ní kí ó mọ̀ pé ẹni àtijọ́ ni ẹnìkejì, kí ó fi ara rẹ̀ sí 10, kí ó sì fi ara rẹ̀ sí half. Ó túmọ̀ sí pé bí oníṣẹ́ yín bá ti fi swíìṣì yẹn sílẹ̀ lórí auto, bí wọ́n ti gbé e wá láti ilé iṣẹ́, tí kò sì fọwọ́ kàn án, ìṣòro yìí ì bá má wáyé rárá.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ lórí wáyà yín báyìí dà bí afárá tó gba mọ́tò kan ṣoṣo, tí awakọ̀ òkè odò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń dúró kí ọ̀nà ṣófo kó tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ fún awakọ̀ ìsàlẹ̀ odò pé afárá ọlọ́nà méjì ni. Kọ̀ǹpútà ní kí PABX kó àkọsílẹ̀ láìnì wá. PABX bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́, ẹrù tó gùn, tó lè tó báìtì 1,518 lẹ́ẹ̀kan. Bó ti ń ránṣẹ́ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà ń dá a lóhùn pé òun ti gba ti ìṣáájú, swíìṣì sì fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀nà méjì ni. PABX gbọ́ ohùn nígbà tí òun náà ń sọ̀rọ̀, ó kà á sí ìkọlù, ó gé ẹrù rẹ̀ sí méjì, ó dákẹ́. Swíìṣì gba àjákù, ó rí i pé kò pé, ó dà á nù. Bí ìkọlù bá wáyé láàárín báìtì 64 àkọ́kọ́, PABX yóò tún un fi ránṣẹ́. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìdá 51.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá péré lórí megabit 10, late collision ni wọ́n ń pè é, Ethernet fúnra rẹ̀ kò sì ní tún un fi ránṣẹ́ mọ́. Ó di kí àwọn ètò tó wà lókè máa dúró, kí wọ́n tún béèrè, kí wọ́n tún dúró, títí tí sùúrù kọ̀ǹpútà yóò fi tán tí yóò sọ pé àsopọ̀ ti já.

Ping ńkọ́? Ping tó wà lórí Windows ń gbé báìtì 32 lọ, yóò dúró gba èsì, yóò sinmi díẹ̀ kó tó rán òmíràn. Ọ̀kan ń béèrè, ìkejì ń dáhùn, wọn kì í fọhùn pọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí bí ìkọlù yóò ṣe wáyé níbẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé náà ńkọ́? Ohun tó ń sọ kò ju pé ìhà méjèèjì ń gbọ́ àmì ara wọn lọ. Kò sọ pé wọ́n gbà lórí full tàbí half. Ó máa ń bí mi nínú tí oníṣẹ́ bá nàka sí iná tó sọ pé “òun ti ṣe tirẹ̀”, nítorí orí ohun tí iná náà kò sọ ni wọ́n ti ń gba owó káàdì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Ẹ kò ní láti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìdán an wò. Bí swíìṣì yín bá jẹ́ èyí tí a lè wọ inú rẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ àṣìṣe ojú tí PABX wà. Bí CRC tàbí FCS, ìyẹn iye ẹrù tó bàjẹ́, bá ń gòkè, tí runt, ìyẹn iye àjákù ẹrù, náà ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń kó àkọsílẹ̀ láìnì, ṣùgbọ́n tí wọ́n dúró sójú kan nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀nà tó tún rọrùn jù ni kí ẹ yá swíìṣì kékeré olójú márùn-ún, irú olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ètò kankan nínú, kí ẹ fi í sí àárín PABX àti swíìṣì ńlá, kí ẹ sì dá ojú swíìṣì ńlá padà sí auto. Auto nìkan ni irú swíìṣì bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá wá pé láìjá, ẹ ti rí ìdáhùn káàdì yín. Kí ẹ sáà rí i dájú pé èyí tí ẹ yá gba 10, nítorí àwọn swíìṣì tuntun kan wà tí kò gba megabit 10 tàbí half mọ́.

Mo mọ ibi tí àṣà fífi ipá yan full ti wá, n kò sì fẹ́ rẹ́ oníṣẹ́ yín jẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ìdúnàádúrà wọn kò dán mọ́rán, àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà ìgbà náà sì máa ń ní kí a fi ọwọ́ yan iyára àti duplex ní ìhà méjèèjì. Ní ìhà méjèèjì ni wọ́n kọ. Ìmọ̀ràn náà rin ìrìn àjò láti ẹnu ọ̀gá dé etí ọmọṣẹ́, ìdajì rẹ̀ sì jábọ́ sójú ọ̀nà. Láti 1999 tí òfin Ethernet oní-gigabit lórí wáyà bàbà ti jáde, ìdúnàádúrà ti di dandan lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lónìí yóò fi máa pa auto láìrí ìdí gidi.

Ní ti wáyà tí ẹ béèrè, Cat 5e tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ti tó, ó ti pọ̀ jù fún megabit 10 pàápàá. Kó má gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, ó pọ̀ lọ́jà: ẹ fi ọ̀bẹ ha ìtàkùn kan, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Ohun tí mo tún máa ń bá nínú yàrá PABX ni pé wọ́n á to àwọn ìtàkùn náà bí wọ́n ti ń to wáyà tẹlifóònù, méjì-méjì tẹ̀lé ara wọn. Píìnì 1 àti 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì kan, èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀. Píìnì 3 àti 6 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì kan. Bí wọ́n bá fi 3 àti 4 ṣe ìbejì, ẹ̀rọ àyẹ̀wò oníná mẹ́jọ yóò sọ pé wáyà dára, kò sì dára.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti wáyà tó ń ti ẹ̀rọ tó ń gbé iná fún rédíò íntánẹ́ẹ̀tì jáde, èyí tí iná fólítì 24 wà nínú rẹ̀, bọ MAU yín. Ó lè jó o. Ẹ sì má so PABX mọ́ nẹ́tíwọ̀kì tí Wi-Fi àwọn àlejò wà. Ojú tí ẹ ń lò yìí, ELAN ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ìṣàkóso ni wọ́n ṣe é fún: ariwo àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ké sí gbogbo ayé máa ń yọ ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu, ẹni tó bá sì mọ páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú rẹ̀ lè ti ibẹ̀ wọlé kó máa pe òkè òkun lórí owó yín. Kọ̀ǹpútà ìṣàkóso àti PABX nìkan ni kó wà ní VLAN, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì àdáni inú swíìṣì, tiwọn, kí wọ́n má sì ní ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ètò inú PABX ńkọ́? LD 117, ọ̀kan nínú àwọn ètò àṣẹ PABX, la fi ń fún un ní orúkọ àti àdírẹ́sì, NEW HOST lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà CHG ELNK ACTIVE, lẹ́yìn náà CHG MASK. LD 137 ni kí oníṣẹ́ wọ̀, kó tẹ STAT ELNK, láti rí bóyá àsopọ̀ wà ní títan. Kí ó fi ìwé ìtọ́nisọ́nà irú ẹ̀dà tí ẹ ní yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ nǹkan kan, n kò sí níwájú ẹ̀rọ yín, n kò sì lè gba ẹ̀bi ohun tí n kò rí. Kí ó wọ LD 43, kó tẹ EDD kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí ohun tí kò bá tíì wọ ibi ìpamọ́ yóò lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì náà sì kú. Àdírẹ́sì tuntun sábà máa ń nílò INI, ìyẹn kí PABX tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó tó ṣiṣẹ́. Òru ni kí wọ́n ṣe é, ìpè lè já.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta káàdì fún yín pé níbo ló ti rí i. Ilé iṣẹ́ Nortel tó ṣe ẹ̀rọ yìí wọ gbèsè ní 2009, Avaya ló ra apá tẹlifóònù ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣe káàdì Option 11C tuntun lónìí. Tokunbo ni wọ́n máa tà fún yín, bó ti wù kí páálí rẹ̀ mọ́ tó. Ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ yín fún un, kí ẹ sì ní kó padà wá fi swíìṣì sí auto, kó kó àkọsílẹ̀ gbogbo láìnì níṣojú yín kó tó lọ.