Búrẹ́dì ẹ̀rọ tí ò ní mílíìkì: kí ló dé tí àárín ẹ̀ fi jìn?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ò lè mu mílíìkì, tó bá ti mu ún inú á máa dà á láàmú, ni mo bá ní kí n máa fi ẹ̀rọ búrẹ́dì wa ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ yẹn wá ni fláwà 400 g, mílíìkì 300 ml àti bọ́tà. Mo fi omi 300 ml dípò mílíìkì, mo fi májaríìnì dípò bọ́tà. Búrẹ́dì yẹn wú, ó wú, mo ń yọjú wò ó látojú gíláàsì, inú mi ń dùn, àfi bí iná ṣe mú tán tí àárín ẹ̀ jìn wọnú bíi tìmùtìmù tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Orí ẹ̀ tún wá funfun báláú. Èyí tó dùn mí jù ni pé inú ṣì tún run ọmọ yẹn. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi ló pọ̀ jù. Mílíìkì kì í ṣe omi lásán, nínú 300 ml yẹn omi ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi 270 ml lọ, ọ̀rá, ṣúgà àti pùrótéènì ni ìyókù, torí náà omi bíi 30 ml lẹ fi kún un láìmọ̀. Ìyẹ̀fun tó bá rọ̀ bẹ̀tẹ̀ báyẹn máa ń yára wú, àmọ́ kì í lágbára tó máa fi gbé ara ẹ̀ dúró, ẹ̀yìn tó bá wú tán ló máa ń wó.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe tèmi rèé: fláwà 400 g, omi 250 ml, òróró ṣíbí ńlá méjì, ṣúgà ṣíbí ńlá méjì, iyọ̀ 7 g, yíìsì gbígbẹ 5 g. Omi àti òróró ló ń kọ́kọ́ wọlé, iyọ̀ àti ṣúgà tẹ̀ lé e, fláwà wá bò wọ́n, kẹ́ ẹ wá fìka gbẹ́ ihò kékeré sórí fláwà yẹn kẹ́ ẹ da yíìsì síbẹ̀ kó má kan omi. (Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ yíìsì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀, ohun tí ìwé tiyín bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe.)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn tẹ bọ́tìnì kẹ́ ẹ wá lọ sùn o. Tó bá ti ń pò ó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí ìdérí kẹ́ ẹ wò ó. Ó yẹ kó ti di bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ń yí kiri, ara ẹ̀ á máa dán, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ díẹ̀ á sì jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Tó bá tẹ́ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agolo, ẹ wọ́n fláwà sí i ní ṣíbí kan ṣíbí kan. Tó bá sì le tí ẹ̀ ń gbọ́ tó ń lu ẹ̀gbẹ́ agolo gbì, gbì, omi ṣíbí kékeré kan ló ń wá, ẹ ṣe sùúrù kẹ́ ẹ tó fi ìkejì sí i.

Ti funfun tó funfun yẹn, ṣúgà tó wà nínú mílíìkì, ìyẹn lactose, yíìsì ò lè jẹ ẹ́, ńṣe ló máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ tí iná á fi rí nǹkan sọ di pupa. Ṣúgà tí àwa ń dà sí i, yíìsì á ti jẹ nínú ẹ̀. Ẹ kàn tẹ ibi tí wọ́n kọ dark sí lára ẹ̀rọ. Tàbí kẹ́ ẹ lo mílíìkì sóyà tí wọn ò fi ṣúgà sí, pùrótéènì wà nínú ẹ̀ dáadáa, á jẹ́ kó pọ́n. Mílíìkì àgbọn tó ki náà dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀ pọ̀, ẹ dín òróró kù.

Ó wá ku májaríìnì. Ẹ yí ike yẹn sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: whey, casein, caseinate, milk solids, mílíìkì náà ni gbogbo wọn. Òróró ni kẹ́ ẹ lò, bí wọ́n bá ní bọ́tà 50 g, òróró 40 g ti tó. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, lactose inú májaríìnì ò tó nǹkan, ẹni tó jẹ́ lactose nìkan ni ò bá a lára mu, ìwọ̀nba yẹn kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Tíyẹn náà bá ń da ọmọ láàmú, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pùrótéènì inú mílíìkì gan-an ni ara ẹ̀ ò gbà. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ètè lè wú, ara lè sú, èémí lè má já geere, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi táímà sí i lálẹ́ kí n bá búrẹ́dì gbígbóná láàárọ̀?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, àǹfààní omi nìyẹn. Mílíìkì tútù lè bà jẹ́ tó bá wà nínú agolo mọ́jú, omi ò ní bà jẹ́. Ẹ ṣáà rí i pé yíìsì ò kan omi, ẹ má sì fi ẹyin sí ti táímà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ké pé òun ti ṣe tán, ẹ yọ ọ́ kíá, tó bá pẹ́ nínú agolo ìdí ẹ̀ á rin. Ẹ jẹ́ kó tutù bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó gé e (èmi gan-an kì í lè dúró tó bẹ́ẹ̀).

ÌBÉÈRÈ: Ẹyin ńkọ́, ṣé kò sí lára mílíìkì ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, adìẹ ò ní ọmú! Ẹni tí ò lè mu mílíìkì lè jẹ ẹyin, àyàfi tí ẹyin náà bá ń bá a jà lọ́tọ̀. Agolo ẹ̀rọ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, tẹ́ ẹ bá fi ṣe oníbọ́tà lánàá, ẹ yọ irin kékeré tó ń po ìyẹ̀fun yẹn kúrò nídìí, ẹ fi ọṣẹ fọ abẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni èyí tó gbẹ máa ń fara pamọ́ sí.