Ẹ Bi Bàbá Onírin: Jáàkì Wọlé, Ọkọ̀ Kò Gbéra

Ìbéèrè: Bàbá Onírin, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọmù-Àrán ni mò ń gbé. Ọkọ̀ Peugeot 504 tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú ni mo ṣì ń wà lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì fún mi ní wàhálà kankan. Lóṣù tó kọjá, táyà ẹ̀yìn jò. Fọkanáísà ti jáàkì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń yí i, ó ń yí i. Dípò kí ọkọ̀ gbéra, orí jáàkì ló wọ inú irin lọ, ìpẹtà sì ń dà sílẹ̀ bíi gàrí. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá awakọ̀ kì í pa mọ́ àfi tí mo bá fọwọ́ gbé e sókè díẹ̀. Pánẹ́lì-bítà kan níbí ní bódì-fílà, ohun rírọ̀ tó máa ń gan bíi símẹ́ńtì, lòun máa fi dí i, òun á kùn ún, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré. Òmíràn ní Òrò ní àfi kóun gé irin náà kúrò lápá méjèèjì. Ọmọ mi ọkùnrin ní Èkó ní kí n kúkú tà á fún àwọn tó ń fi kílò ra irin. Èwo ni kí n ṣe?
*Ìyá Tíṣà, Ọmù-Àrán*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ sọ fún ẹni tó ní fílà lòun máa fi dí i pé ẹ ṣeun, kí ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà débẹ̀ mọ́. Ibi tí irin ti tẹ̀ díẹ̀ ni a ń fi fílà tẹ́ kí ọ̀dà lè jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kì í bọ ihò tí orí jáàkì gbà wọlé, ńṣe ló ń fi ẹfun kun ògiri tí ikán ti jẹ tán. Yóò dára lójú, n ò jiyàn, bóyá fún ìgbà òjò kan. Ṣùgbọ́n fílà máa ń fa omi mu, ó sì máa ń mú omi náà dúró sára irin. Ìpẹtà á wá ríbi fara pa mọ́ sí, á máa jẹun lọ.

Irin tí à ń sọ yìí, èyí tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, tó na láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé iwájú táyà ẹ̀yìn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é ní ìbàdí ọkọ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ re. 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, kò ní ṣáásì, ìyẹn férémù irin tó ń gbé ọkọ̀ ró, lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ara rẹ̀ náà ni ṣáásì rẹ̀. Òrùlé, ilẹ̀ ọkọ̀, òpó àárín ilẹ̀kùn àti ìbàdí méjèèjì ló jọ ń ru gbogbo ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn yín kò fi pa mọ́. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ló tẹ̀ láàárín, tí ojú ilẹ̀kùn fi fún.

Ìbàdí yìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Bí àpótí gígùn ló rí: awẹ́ kan níta tí ẹ ń rí, awẹ́ kan nínú tí kápẹ́ẹ̀tì bò, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òmíràn tún dúró láàárín wọn, wọ́n wá jó etí gbogbo wọn pọ̀ nísàlẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Ẹrẹ̀ ló máa ń dí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Òrò kọjá sí Àjàṣẹ́-Ìpo nígbà òjò, ẹ mọ ẹrẹ̀ pupa tí mò ń wí. Omi ń wọlé láti ibi rọ́bà ilẹ̀kùn tó ti gan, tàbí lábẹ́ gíláàsì iwájú, kò wá rí ọ̀nà jáde. Inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ọ̀dà bá fi wú bí ìléròrò lójú ìta, inú ti jẹ tán. Ìpẹtà tó dà bíi gàrí lọ́jọ́ náà, ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ará Òrò yẹn ni mo fara mọ́. Àmọ́ gígé nìkan kọ́ ni iṣẹ́, ibí ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún 1987, mi ò tíì pé ọdún méjì tí mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Gáà-Akanbí, ọkùnrin kan sì gbé 504 wá láti Ọ̀fà. Ìbàdí méjèèjì ti lọ. Mo fẹ́ yá a, mo gé ọ̀tún, mo gé òsì, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, mo lọ kírun Àyìlá. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ dákẹ́. Mo fa ilẹ̀kùn awakọ̀, kò ṣí. Mo fa tẹ̀yìn, kò ṣí. Ọkọ̀ ti tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀ láàárín bí àga onírọ̀gbọ̀kú. Èmi ọmọ Ìlọrin, ìlú tí wọ́n fi lílọ irin sọ lórúkọ, irin wá dójú tì mí lójú pópó! Wọ́n lọ pe ọ̀gá mi. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Nígbà tí o gé ìbàdí rẹ̀, ta ló ń bá ọ dì í mú?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ padà, owó irin tí mo tún rà sì jẹ́ láti àpò mi.

Ìbéèrè ọ̀gá mi yẹn ni kí ẹ bi ará Òrò, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ ní, "Tí o bá gé e, kí ló máa di ọkọ̀ mú?" Bó bá jẹ́ oníṣẹ́, yóò sọ fún yín pé ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú lòun máa gbé e sí, òun á fi igi tàbí irin tó lágbára gbé e dúró níwájú àti lẹ́yìn, kì í ṣe lábẹ́ ìbàdí. Yóò ní òun á kọ́kọ́ rọra fi jáàkì gbé àárín rẹ̀ pẹ̀lú pákó gígùn, títí ilẹ̀kùn á fi pa bó ṣe yẹ, òun á wá jó páìpù dábùú ojú ilẹ̀kùn, láti òpó iwájú dé òpó àárín, kó má baà lè mira. Yóò ní apá kan lòun máa ṣe parí kóun tó fọwọ́ kan èkejì. Bó bá kàn rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," ẹ gbé ọkọ̀ yín, kí ẹ máa lọ.

Kó tó gé e rárá, kó ká kápẹ́ẹ̀tì, kó fi òòlù kékeré lù ú láti orí dé ìdí. Irin tó ṣì yè máa ń dún gaan. Èyí tó ti kú á dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn lu páálí. Kó fi sukudiráfà gún ibi tó bá dún bẹ́ẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká lójú yín. Ó lè jẹ́ pé awẹ́ ìta nìkan ló lọ. Bó bá sì kan awẹ́ inú àti etí ilẹ̀ ọkọ̀, iṣẹ́ á pọ̀ sí i, owó náà á sì pọ̀, ẹ má bínú sí i. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó jó irin tuntun mọ́ orí ìpẹtà. Kó gé e dé ibi tí irin ti funfun.

Ẹ bá mi sọ fún un nípa irin tó máa lò. Páànù ìbolé kò ṣe é lò, ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín síǹkì ara rẹ̀ sì máa ń fún ẹni tó ń jó o ní ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti jẹ nínú ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù la fi kọ́ṣẹ́, bó ṣe nípọn sí sì súnmọ́ ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù tó bá ti gbé epo bẹntiróòlù rí, kí ẹnikẹ́ni má fi iná kàn án, bó tilẹ̀ gbẹ táútáú. Èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù, ó sì tó láti pa èèyàn. Ẹ jẹ́ kó ra ṣíìtì tuntun, géèjì 18, tó nípọn tó milimítà 1.2. Ó nípọn ju ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀, kò sì burú.

Bó bá ní ẹ̀rọ CO2, èyí tó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó irin pọ̀, ìyẹn ló dára jù. Iná gáàsì pẹ̀lú ṣe é lò, àmọ́ ooru rẹ̀ máa ń fẹ̀, irin á sì máa lọ́. Iná wẹ́dà tó ń ṣe géètì, ihò ló máa dá sí i. Èyíkéyìí tó bá lò, kó má fà á lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Kó jó ìwọ̀n oríkèé ìka kan níbí, kó fò lọ sí ọ̀hún, kó padà wá nígbà tó bá ti tutù. Kí ó yọ orí bátìrì, kó yọ àga àti kápẹ́ẹ̀tì, kó wá ibi tí páìpù epo gbà kọjá, kí ọmọ kan sì dúró ti garawa yẹ̀pẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tó bá ń jó o níta. Kápẹ́ẹ̀tì ló jó 504 kan mọ́ wa lójú lọ́jọ́ kan, kì í ṣe epo.

Lẹ́yìn náà, ọ̀dà red oxide tó ń dènà ìpẹtà, gọ́ọ̀mù lójú ibi tí a ti jó o pọ̀, kó tó kan ọ̀dà aláwọ̀. Kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó pé kò dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn àtimáa dí i, wọ́n á ní àwọn ṣe é mọ́.

Ní ti ọmọ yín l'Ékòó, ó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ àti ibi tí sípíríǹgì fara tì bá ti jẹ náà, òun ló jàre, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ìbàdí nìkan kò tó ìdí tí èèyàn fi ń ta ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ní kílò. Ẹ jẹ́ kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, nínú oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Kó tó dìgbà náà, ẹ má kó èèyàn sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún fọkanáísà pé abẹ́ apá tó di táyà mú ni kó máa gbé jáàkì sí.

Ìbéèrè: Bàbá, mo fẹ́ ra Corolla tòkunbọ̀ tí màá fi ṣe takisí ní Tánkẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ṣé àmì rere nìyẹn?
*Ọmọ yín, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ìwọ ọmọ yìí, abẹ́ ọkọ̀ tó ti rin ìrìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ló máa mú un dán? Dúdú yẹn gan-an ni kí o fura sí. Ní Kánádà àti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lápá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀. Omi iyọ̀ yẹn á fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀, á wọ inú ìbàdí, kò sì sí ohun tó ń jẹ irin bí i. Ọ̀kan lè wá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọrin, tí abẹ́ rẹ̀ sì ti di èèpo ẹyin. Wọ́n á wá fọ́n ọ̀dà dúdú bò ó kó tó dé iwájú rẹ.

Yọ mágínẹ́ẹ̀tì kan lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, mú un lọ. Máa gbé e kan ìbàdí náà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Bí ike bá bo ìbàdí náà, ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kò ṣe é yọ, irọ́ ni, ṣùgbọ́n má bá wọn jà, ọkọ̀ pọ̀. Wọ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wo etí ìsàlẹ̀ níbi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé: ó yẹ kó tọ́, kó mú bí etí abẹ. Bó bá ti rún, tàbí tó wú láàárín, dìde, gbọn ìdí aṣọ rẹ, kí o sì béèrè òmíràn.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi máa ń da ọ́ìlì àlòkù tí a fà jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì sínú ìbàdí ọkọ̀. Ó ní ìpẹtà ò ní débẹ̀ mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?
*Awakọ̀, Ọ̀fà*

Ìdáhùn: Ọ̀gá rẹ kò purọ́, àwọn ọ̀gá tiwa náà ṣe é. Ọ́ìlì máa ń lé omi. Àmọ́ àlòkù tí ẹ̀ ń fà jáde yìí ti fúyẹ́, á kán tán láàárín oṣù díẹ̀, á sì máa ba rọ́bà jẹ́. Bó bá wá kan bíréèkì, ẹjọ́ ni. N kò tíì sọ ti ilẹ̀ àti kànga àwọn ará ilé yín tó ń kán sí. Èyí tó dà bí ìda, tí wọ́n ń fọ́n wọ inú irin, wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀. Bí kò bá sí, ọ́ìlì gíà tuntun tó ki ṣì sàn jù ú lọ. Kí inú ìbàdí gbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, torí ọ́ìlì tó bo omi mọ́lẹ̀, ó kàn ń bá ìpẹtà tilẹ̀kùn ni. Wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ, nà án tọ́, kí o máa fi gún àwọn ihò abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò. Omi tó máa jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á yà ọ́ lẹ́nu.